Mílímítà Mẹ́rin Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Mi Sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe kéré tó. Mílímítà mẹ́rin kò tó ìbú pẹ́ńsù tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé. Òun ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ lé mi níbi iṣẹ́, bí mi ò bá sì níṣẹ́ mọ́, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú òyìnbó yìí ti di pépà lásán nìyẹn. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀, torí mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Àwọn èèyàn mi tó ń pè mí láti Fìdítì gan-an rò pé òtútù ni ìṣòro mi. Òtútù kọ́. Wọ́n ń ta kóòtù níbí.

Ọmọ káfíńtà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà lẹ́bàá títì, bí èèyàn bá ń ti Fìdítì lọ sí Ìlọrà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú kí n tó mọ̀wé kọ dáadáa. Àwọn kan máa ń bi bàbá mi pé kí ni ọmọbìnrin ń wá nídìí igi. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé òun ò tíì rí igi tó béèrè bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí yunifásítì, mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú físíìsì, mo ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́rin ní Awẹ́. Nígbà tí mo dé ibí, kò sẹ́ni tó béèrè físíìsì lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ igi ni wọ́n ń wá èèyàn fún. Bí mo ṣe di káfíńtà padà nìyẹn, ní ìlú kékeré kan tí òjò rẹ̀ kì í rọ̀ tán.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kí ara wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọlé bá ọkùnrin kan tó ń fá pákó lọ́wọ́. Kọ́lín ni orúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ó sì tó ẹni tó lè bí mi. Orúnkún mi ti fẹ́ẹ́ tẹ̀. Ó gbójú sókè, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo ìgbà tí mo bá gba ẹ̀yìn èèyàn kọjá ni "ẹ kú iṣẹ́" ń wá sí mi lẹ́nu, tí mo ń gbé e mì. Mo pè é ní Ọ̀gá. Ó ní, "Kọ́lín ni." Mo pè é ní Mísítà Kọ́lín. Ó ní, "Kọ́lín ni mo sọ." Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró síwájú rẹ̀ títí á fi rí mi.

Ohun kejì ni igi wọn. Kò sí wàhálà kankan lára rẹ̀. Nílé, pákó tó bá ti ibi ìlagi dé máa ń wọ́, á tún yí, bàbá mi á sì fi òwú tí wọ́n rì sínú dúdú inú bátìrì na ìlà sí i lára kí a tó mọ ibi tí ó gún dé. Níbí, pákó dé bí aṣọ tí wọ́n ti lọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ á wá rọrùn. Mi ò mọ̀ pé níbi tí igi kò ti ní ẹ̀bi, èèyàn ni wọ́n máa ń wá ẹ̀bi sí lára.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tépù báyìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Irin kékeré kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tépù, tí wọ́n fi ń kọ́ etí pákó. Ẹnu tépù là ń pè é. Tépù kì í tètè kúrò lọ́wọ́ káfíńtà ní ilé wa. A ń lò ó títí nọ́ńbà ara rẹ̀ á fi parẹ́, irin ẹnu rẹ̀ á sì ti máa mì bí eyín àgbà. Nítorí náà, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu tépù wọn nǹkan. Orí íǹṣì kìíní la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá mi bá kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sára pákó, ọgbọ̀n íǹṣì ló ń sọ. Ẹni tó máa rẹ́ ẹ náà á bẹ̀rẹ̀ lórí íǹṣì kìíní, á parí sórí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pákó á sì pé. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Níbí, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń lò, nítorí náà orí kẹwàá ni ọwọ́ mi ń lọ. Ní oṣù kejì mi, Kọ́lín fún mi ní iṣẹ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù méjìlá, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Mo fi ẹ̀wá sí etí pákó, mo fàmì sí àádọ́rin, mo rẹ́ ẹ. Méjèèjìlá. Mo tò wọ́n, mo nù wọ́n, inú mi dùn. Kọ́lín gbé ọ̀kan lé ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wo ihò tó ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá gbáko, lára ilẹ̀kùn méjèèjìlá.

Ẹ̀bi mi ni. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́. Èmi ni mo ṣe é, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Ìwé kan wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń se omi tíì. Àṣìṣe ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, ohun tó bàjẹ́, orúkọ ẹni tó bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà mí, Hẹ́lẹ́nì, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, ti sọ fún mi pé bí orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun bá dé ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó parí nìyẹn. Kọ́lín kọ orúkọ mi. Ó fo lẹ́tà méjì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé:

"Láti òní lọ, ẹnu tépù lo máa lò bíi gbogbo èèyàn. Tépù tìẹ tó ní íǹṣì yẹn, fi í sínú àpò."

Ó yọ tépù kan tí ara rẹ̀ ti họ nínú àpò tirẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo dúpẹ́.

Dání ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Òun ni òṣìṣẹ́ kejì, ọkùnrin ẹlẹ́nu tó máa ń súfèé látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá ń bu ṣúgà sínú tíì, á ní, "Síbí méjì ni àbí méjìlá?" Bí mo bá fẹ́ lọ sílé ní aago márùn-ún, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Má tíì lọ, yọ mẹ́wàá kúrò ná." Mo rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì mọ ìyàtọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe bàbá mi, nígbà tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi dé, tó ti jẹun.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kó mi sí wàhálà," mo wí.

"Èmi náà? Mo jókòó jẹ́ẹ́ sí Fìdítì mi."

Mo rò ó fún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Mo gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Ó gé ilẹ̀kùn àwọn òyìnbó kúrú." Màmá mi ní ṣé wọn ò ní lé e padà báyìí. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Wọ́n ń fi ẹnu tépù wọn nǹkan?" ó béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òun ni òfin wọn."

"Á jẹ́ pé tépù wọn ò kí ń gbó."

"Bàbá, ẹ má gbè mí lẹ́yìn jọ̀ọ́. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

"Mo gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni kó o máa ṣe é. Ṣùgbọ́n máa wo ẹnu tépù náà o."

Mi ò wò ó. Èyí náà wà lára ẹ̀bi mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n kọ orúkọ mi kì í ṣe ẹ̀bi mi, mo sì lè sọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, a ò tíì mu tíì àárọ̀. Mo ti fi pẹ́ńsù fa àmì sí ojú dáadáa pákó mẹ́rin, kí ẹni tó máa gbẹ́ ihò sí i lè mọ ojú tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Dání dojú wọn délẹ̀, ó sì gbẹ́ ihò sójú tí mo fàmì sí. Ó ní òun ò rí àmì. Mo nawọ́ sí i. Ó ní òun rò pé mo kàn ń fi pẹ́ńsù ṣeré ni. Kọ́lín tẹ́tí sí àwa méjèèjì, ó lọ síbi ògiri, ó kọ orúkọ mi. Mo béèrè ìdí. Ó ní, "Àmì rẹ ni. Kò yé ẹni tó gbà á." Mo béèrè ohun tí Dání ṣe. Ó ní Dání ti wà níbí fún ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn fi jẹ́ ìdáhùn.

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé kí n fara balẹ̀, pé àlejò ni mí. Mo mọ̀ pé àlejò ni mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mi ò mọ ìgbà tí àlejò ń di onílé, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kí n lè máa ka ọjọ́. Nílé, ọmọ káfíńtà ni mí fún gbogbo àdúgbò. Bí mo bá padà báyìí, ará ìlú òyìnbó ni wọ́n á máa pè mí, wọ́n á fún mi ní àga tó dáa jù nínú ilé. Níbí ẹ̀wẹ̀, nígbà tí oníbàárà bá fóònù, mo máa ń gbọ́ tí Hẹ́lẹ́nì ń sọ pé, "Màá rán Kọ́lín, àti obìnrin kan." Oṣù mẹ́rin. Àti obìnrin kan.

Mi ò ní purọ́, ọjọ́ dáadáa kan wà. A lọ ṣe ṣẹ́ẹ̀fù sí ilé kan tí ògiri rẹ̀ ti darúgbó, tí kò sí ibì kan tó gún níbẹ̀. Kọ́lín ń wọ̀n, ó ń kọ nọ́ńbà, ó ń pa á rẹ́, ó ń ṣépè. Mo rántí àwọn àgbẹ̀ tó máa ń gun ọ̀kadà wá bá bàbá mi láti Akínmọ̀rìn àti Ìmínì. Wọn kì í mú nọ́ńbà wá. Igi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń mú wá, tí wọ́n ti ṣẹ́ sí ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà ilé wọn gẹ́lẹ́, bàbá mi á sì tẹ́ ẹ lé pákó, á fàmì, ó tán. Mo mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo tẹ́ ẹ sára ògiri, mo fàmì gbogbo ibi tí ṣẹ́ẹ̀fù máa wà sí i, mo sì gbé e lọ sára pákó. Gbogbo rẹ̀ wọlé láì ha. Kọ́lín wo igi náà, ó ní, "Hùn-ún." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i tó ń kọ́ Dání. Kò sọ ibi tó ti rí i. Mo fi ìyẹn náà sí ọkàn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti mílímítà mẹ́rin.

Ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́fà tí wọ́n máa kó ìwé sí ni, tó máa wọ àárín ògiri méjì nínú pálọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan. Mo ki ẹnu tépù mọ́ ògiri bí wọ́n ṣe ní kí n máa ṣe, mo ka nọ́ńbà, mo kọ ọ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ẹnu tépù kọ́ etí pákó bí wọ́n ṣe ní kí n máa ṣe, mo fàmì sí nọ́ńbà yẹn gan-an, mo rẹ́ ẹ. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a gbé wọn débẹ̀, àlàfo wà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìwọ̀n kan náà: mílímítà mẹ́rin. Obìnrin náà tẹ ìka rẹ̀ bọ àlàfo náà díẹ̀, ó wo Kọ́lín, Kọ́lín wò mí.

Inú ọkọ̀ ni Kọ́lín ti bá mi sọ̀rọ̀.

"Jímọ̀ ni Hẹ́lẹ́nì máa ń wo ìwé yẹn," ó ní. "Màá kọ ọ́ lọ́la. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ò gba ẹni tí kò lè wọn nǹkan."

Mo dé ilé, mi ò bọ́ kóòtù. Mi ò dúró de ọjọ́ Ìsinmi, mo pe bàbá mi. Mo bú Kọ́lín fún un, mo bú Dání, mo bú Hẹ́lẹ́nì, mo bú ìlú náà àti òjò inú rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bú wọn tán.

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fi mẹ́rin kúrú?" ó béèrè.

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bàbá."

"Kò sí èyí tó fi méjì kúrú? Kò sí èyí tó gùn?"

"Kò sí."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Tépù ta lo lò?"

Ojú tì mí. Odindi sáà kan ni wọ́n fi kọ́ wa ní yunifásítì pé àṣìṣe ẹni tó ń wọn nǹkan máa ń lọ síwá sẹ́yìn, àmọ́ ti irinṣẹ́ máa ń wà lójú kan. Mo gba máàkì tó dáa nínú ẹ̀. Mo sì tún kọ́ àwọn ọmọ ní Awẹ́. Bàbá mi tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ ló wá ń rán mi létí lórí fóònù.

Mo yọ tépù Kọ́lín jáde, mo gbé e súnmọ́ iná. Ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, àpá eyín píláyà sì wà lára irin náà níbi tí ẹnì kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe. Bí wọ́n bá ki ẹnu rẹ̀ mọ́ ògiri, kò sí ohun tó ṣe é. Bí wọ́n bá fi kọ́ etí pákó, ó ń jẹ mílímítà mẹ́rin. Nínú àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, etí nǹkan ni mo ń kọ́ láti ka nọ́ńbà àti láti rẹ́ pákó, ìyẹn ló jẹ́ kó máa bá ara rẹ̀ mu. Ká ní wọ́n jẹ́ kí n máa bẹ̀rẹ̀ lórí kẹwàá bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kí n sì máa yọ mẹ́wàá kúrò, ṣẹ́ẹ̀fù yẹn ì bá ti wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè dé, ṣùgbọ́n Kọ́lín ti kọ ọ́. Orúkọ mi lẹ́ẹ̀kẹta. Mo dúró de ìgbà tí gbogbo wọn kó ife tíì wọn dání, mo sì bẹ Hẹ́lẹ́nì pé kó jáde wá nínú ọ́fíìsì. Mo gbé pákó kan sórí tábìlì.

"Kọ́lín," mo wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ yẹn máa jáde lẹ́nu mi láìsí Ọ̀gá tàbí Mísítà níwájú rẹ̀. "Jọ̀ọ́, wọn pákó yìí pẹ̀lú tépù yìí. Fi ẹnu rẹ̀ kọ́ ọ."

"Kí la tún ń ṣe báyìí?"

"Wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n, ó ka nọ́ńbà. Mo ní kó tún un wọ̀n, kó bẹ̀rẹ̀ lórí kẹwàá, kó sì yọ mẹ́wàá kúrò. Dání fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kọ́lín wọ̀n ọ́n. Ó wo ẹnu tépù náà. Ó tún un wọ̀n.

"Mẹ́rin," ni Dání wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò súfèé mọ́. Ó fa tépù tirẹ̀ yọ, ó fi wọn pákó náà lọ́nà méjèèjì. Nọ́ńbà kan náà ló bọ́ sí. "Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́lín, tìẹ ló tẹ̀."

"Ó bọ́ lórí àkàbà nígbà kan," ni Kọ́lín wí. "Mo ti tún un ṣe."

"Ìgbà wo?" mo béèrè.

 Hẹ́lẹ́nì ní ó dáa, gbogbo wa ti rí i, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kò tíì tán, mo nawọ́ sí ògiri. Ó mí kanlẹ̀, ó mú báírò, ó fa igi lé orúkọ mi ní ìlà kẹta, ó sì kọ "tépù" síwájú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dákẹ́. Orúkọ mi ti dín sí méjì, ìwé mi wà láàyè, bí màmá mi bá wà níbẹ̀ á ti fún mi ní ìgbátí. Mi ò dákẹ́.

"Nígbà tó jẹ́ èmi, èèyàn ló ṣe é," mo wí. "Nígbà tó wá jẹ́ Kọ́lín, tépù ló ṣe é."

"O ti borí," ni Hẹ́lẹ́nì wí. "Kí lo tún ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ìwé yẹn sọ òótọ́. Ti ìlà kìíní, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, èmi ni mo gé ilẹ̀kùn méjìlá kúrú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa, lẹ́tà méjì ni wọ́n jẹ níbẹ̀. Ti ìlà kejì kì í ṣe tèmi. Ti ìlà kẹta kì í ṣe ti tépù."

 Mo gbọ́ ìró òjò lórí páànù. Mo ń ronú nípa bí màá ṣe kó ẹrù mi nígbà tí Dání gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba báírò lọ́wọ́ Hẹ́lẹ́nì, ó pa orúkọ mi rẹ́ ní ìlà kejì, ó sì kọ tirẹ̀ gàdàgbà.

"Mo rí àmì yẹn," ó ní, kò wo ojú mi. "Mo kàn ń kánjú ni."

Ó na báírò sí Kọ́lín. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó mu nǹkan kíkorò. Lẹ́yìn náà ó gbà á, ó lọ síbi ògiri, ó pa "tépù" rẹ́, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, wẹ́wẹ́, bí ìlà èèrà. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ìlà kìíní kọ.

Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kò sẹ́ni tó tọrọ ẹ̀, inú sì ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń po tíì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, mo máa ń ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò sì rí èyí tó jẹ́ ti àlejò nínú wọn.